Bí o ṣe lè ṣe iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní Àbújá kó sì tẹ́ ọ lọ́rùn, láìdi alágbàtà àdímíṣọ̀n

Àwọn tó kàwé Guidance and Counselling, ẹ̀kọ́ bí kánsẹ́lọ̀ ṣe ń tọ́ ọmọ ilé-ìwé sọ́nà lórí ẹ̀kọ́ àti kọ́ọ̀sì tí yóò yàn, pọ̀ ní Àbújá. Àwọn tó ń fi ìwé náà ṣiṣẹ́ tí inú wọn sì dùn sí i ló ṣọ̀wọ́n. Bí ilé-ìwé bá gbà ọ́, Civic Education ni wọ́n á ní kí o máa kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á wá lẹ "Counsellor" mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kótópó tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Bí o bá sì dá dúró fúnra rẹ, kò ní pẹ́ tí fóònù rẹ á fi máa dún lálẹ́: "Ẹ bá wa wá àdímíṣọ̀n sí Medicine. Èló ló máa jẹ́?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé SS3 ni ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ ti ń kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ, lẹ́yìn tí JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù. Nígbà yẹn, ọmọ ti ju àwọn ẹ̀kọ́ kan nù láti SS1, orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ kò bá ti WAEC mu, bàbá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé dókítà ló ń bọ̀. Ìmọ̀ràn wo ló tún kù? Wàhálà nìkan ni wàá máa bá wọn gbé kiri. Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí wà kí ọmọ lè wà lọ́wọ́ rẹ fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí o nílò

- Oyè nínú Guidance and Counselling. Yunifásítì Ìlọrin, ABU Zaria, Bayero ní Kano àti yunifásítì ìjọba tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka fún un. Bí oyè rẹ bá jẹ́ ti nǹkan mìíràn, kọ́kọ́ gba PGDE, dípúlómà iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní oyè, kí o tó lọ ṣe másítàsì. NTI Kaduna, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti NOUN, yunifásítì tí ènìyàn lè kà láti ilé, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi, ń ṣe PGDE fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
- Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé ni wàá ti ṣiṣẹ́.
- Káàdì CASSON, ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni wàá ti máa gbọ́ pé àyè ṣí sílẹ̀ níbì kan.
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká, dátà, àti ohun tí yóò gbé iná fún ọ nígbà tí NEPA bá mú un lọ.
- Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.
- Hausa díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ máa sọ sí ọ, ṣùgbọ́n bí o bá kí bàbá rẹ̀ ní Hausa, ojú tó máa fi wò ọ́ á yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Jẹ́ kí ìwé rẹ pé

Ṣe ìdánwò TRCN tí wọ́n ń pè ní PQE, forúkọ sílẹ̀, kí o sì gba láísẹ́ńsì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á gba sáfíkéètì, wọ́n á fi í kọ́ ògiri, láísẹ́ńsì á wá kú sí wọn lọ́wọ́ láìtún un ṣe. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti UCLA Extension lórí iṣẹ́ yìí gan-an dára fún ẹni tó fẹ́ máa ran àwọn ọmọ tó ń lọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà, mi ò sì ní sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: bí ilé-ìwé kan bá pè ọ́ ní ọ̀la, ṣé o lè kó oyè, sáfíkéètì TRCN àti láísẹ́ńsì tí kò tíì kú sórí tábìlì?

Ìgbésẹ̀ 2: Mọ òfin àdímíṣọ̀n tinú-tẹ̀yìn

Ibí ni kí o ti lo àkókò jù. Kánsẹ́lọ̀ tó mọ sùúrù tó sì mọ̀ ọ́n gbọ́, tí kò mọ òfin, àánú nìkan ló lè ṣe ọmọ.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí UTME, ìdánwò JAMB. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni, Use of English jẹ́ dandan, 400 sì ni gbogbo máàkì. Mẹ́ta tó kù ló ń da ọmọ láàmú. Medicine ń fẹ́ Biology, Chemistry àti Physics. Ọmọ tó fi Mathematics rọ́pò Biology nítorí pé ó mọ ìṣirò lè gba 320 kó má sì rí i lò. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè Literature-in-English lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka Law, nínú WAEC àti nínú UTME. Ọmọ tó ju Literature nù ní SS1 ti ti ilẹ̀kùn Law mọ́ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Má fi orí rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ojúlé IBASS tí JAMB ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n to ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, ni kí o máa wò, yunifásítì kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé ohun tí Ìlọrin gbà, Zaria lè kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ abínibí. Òun ló ń ká àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá mọ́ jù. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé kí wọ́n fi máàkì nìkan gba ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n gba 35 láti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, tí wọ́n ń pè ní catchment, kí 20 sì jẹ́ ti ELDS, àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Kwara àti Kogi wà nínú ELDS. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó, Ògùn, Èkìtì àti Èkó kò sí níbẹ̀. Torí náà, ọmọ Kàbà àti ọmọ Òṣogbo lè jọ máa gbé ojúlé kan náà ní Kubwa, kí wọ́n jọ gba máàkì kan náà, kí ọ̀nà wọn sì yà. Bí méjèèjì bá yan OAU, ọmọ Òṣogbo ló wà ní catchment. Bí wọ́n bá yan yunifásítì ìjọba tó jìnnà sí ilé Yorùbá, ọmọ Kàbà lè rí àyè ELDS tí èkejì kò lè rí. Bíbí tí wọ́n bí ọmọ sí Garki kò sọ ọ́ di ọmọ FCT o; ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ. Yunifásítì aládàáni kì í tẹ̀lé ìpín yìí, owó ni tiwọn.

Ṣọ́ra: òbí kan lè dábàá pé kí ẹ bá òun wá sáfíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Má bá wọn dé ibẹ̀. Ayédèrú ìwé ni, ó sì lè lé ọmọ jáde nígbà tó ti dé 300 level.

Ẹ̀kẹta ni CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbígba ọmọ wọlé tí JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2017. Orí rẹ̀ ni àdímíṣọ̀n ti ń jáde, orí rẹ̀ náà sì ni ọmọ ti ń tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ọmọ tó bá gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí ojúlé yunifásítì nìkan, tí kò gbé e sí ti JAMB, máa jókòó sílé títí, á máa rò pé ẹnì kan ló ń ṣe òun níbi. Ọ̀pọ̀ "ọ̀rọ̀ ayé" tí àwọn òbí ń gbé lọ sórí òkè àdúrà, èsì tí wọn kò gbé sórí CAPS ni.

Mọ àwọn ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. ABU Zaria ló ń bójú tó IJMB, ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó bá ṣe é dáadáa sì lè gba Direct Entry, ọ̀nà tí kò gba UTME kọjá, wọ 200 level. Poli àti NCE kì í ṣe ìyà. Má sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń kẹ́dùn.

Ti òkè òkun: Common App, fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń wá àyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, máa ń ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, àròkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, ìwọ kánsẹ́lọ̀ ni wàá sì kọ School Report, fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé fi ń ròyìn ọmọ, àti lẹ́tà tí yóò ti ọmọ lẹ́yìn. 1600 ni gbogbo máàkì SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. UCAS, tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì ní UK, ń gba yunifásítì márùn-ún, láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026 sì ni wọ́n ti pín àròkọ rẹ̀ sí ìbéèrè mẹ́ta. WAEC nìkan kì í sábà gbé ọmọ wọ 100 level níbẹ̀. Foundation, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ṣáájú yunifásítì, ló máa ń gbé e dé. Ọ́fíìsì EducationUSA, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò láti ṣàlàyé yunifásítì wọn, wà ní Àbújá àti ní Èkó, ọ̀fẹ́ sì ni àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Lọ síbẹ̀ kí o tó ní ọmọ kankan lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò: kọ àwọn ọmọ mẹ́ta sínú ìwé. Ọmọ Ọ̀fà tó fẹ́ ka Pharmacy, ọmọ Adó-Èkìtì tó fẹ́ ka Law tí kò ní Literature, àti ọmọ Abẹ́òkúta tí owó ilé wọn kò tó yunifásítì aládàáni. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kọ yunifásítì mẹ́ta, ẹ̀kọ́ UTME mẹ́rin àti ìdí tí o fi yàn wọ́n. Bí o bá ní láti pe ẹnì kan kí o tó parí, o kò tíì ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Wá ibi tí wàá ti ṣiṣẹ́, kí o sì dúnàádúrà àkókò ṣáájú owó

Ní FCT, Secondary Education Board ló ń bójú tó àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, àwọn Unity School bíi FGGC Bwari sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Owó ibẹ̀ kì í pọ̀, ọmọ á sì pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè mójú tó, ṣùgbọ́n àwọn tó nílò rẹ jù wà níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé aládàáni Maitama, Asokoro àti Gwarinpa ń sanwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwòrán ọmọ tó wọ yunifásítì òkè òkun ni olówó ilé-ìwé fẹ́ gbé sórí pátákó. Ẹni tó bá dá dúró ní òmìnira, kò sì ní owó oṣù. Ní tèmi, inú ilé-ìwé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan lo ti lè rí ọmọ SS1 láìjẹ́ pé òbí kan wá ọ wá.

Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, púríọ́dù mélòó ni màá máa fi kọ́ni lọ́sẹ̀? Ṣé màá rí àwọn ọmọ SS1 kí ẹ tó pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà? Ta ló ń buwọ́ lu transcript?" Ìdáhùn kejì ṣe pàtàkì ju iye owó oṣù lọ. Ọ̀gá tó bá ní "A máa rí i bó ṣe ń lọ" ti dá ọ lóhùn: Civic ni.

Ṣọ́ra: bí lẹ́tà wọn bá ní kí o máa mú ọmọ tuntun wá sí ilé-ìwé, iṣẹ́ ìpolówó ni wọ́n gbà ọ́ fún.

Àyẹ̀wò: iye púríọ́dù rẹ wà nínú lẹ́tà, kì í ṣe lẹ́nu. Yàrá rẹ ní ilẹ̀kùn tí ọmọ lè sunkún lẹ́yìn rẹ̀ tí tíṣà tó ń kọjá kò fi ní gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣí fáìlì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti SS1

Ìwé kan ṣoṣo tó fún ọmọ kan. Orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú sáfíkéètì ìbí àti bó ṣe wà lórí NIN. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Èsì táàmù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọmọ fẹ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Ohun tí òbí fẹ́, lórí ìlà mìíràn. Ẹni tó ń san owó ilé-ìwé. Ti owó yìí ń ti ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ lójú láti béèrè, wọ́n á wá fi ọdún méjì múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì tí bàbá rẹ̀ kò lè san táàmù kan níbẹ̀.

Bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀ kí òbí tó dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kò ní já ìyá rẹ̀ nírọ́ lójú rẹ, torí náà bí o bá bi í níwájú ìyá, ọ̀rọ̀ ìyá ni wàá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, ìyá náà á jókòó, á gbé báàgì lé itan, á ní: "Kánsẹ́lọ̀, ọmọ yìí, Medicine ni o. Bàbá ẹ̀ ti sọ ọ́." Má bá wọn jiyàn. Gbé èsì táàmù mẹ́ta síwájú wọn: "Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Chemistry níbí, kí ẹ wo Physics." Kí o wá dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn; ẹnu rẹ kò gbọ́dọ̀ yá ju ojú wọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé orí sókè, sọ pé: "Mà, kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe dókítà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní táàmù méjì sí i. Bí Chemistry bá gòkè, à ń bá a lọ. Bí kò bá gòkè, ẹ jẹ́ ká ti ní èkejì nílẹ̀ tó wu òun náà." Kí o sì ní èkejì ọ̀hún lọ́wọ́ lóòótọ́: Radiography, Physiotherapy, Medical Laboratory Science. Òbí tó gbọ́ "rárá" láìgbọ́ nǹkan mìíràn á lọ wá alágbàtà.

Àyẹ̀wò: mú fáìlì ọmọ kan tí o kò rí láti oṣù mẹ́ta. Ṣé o lè sọ ohun tó fẹ́, ìdí tó fi fẹ́ ẹ, àti ohun tó dènà rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni?

Ìgbésẹ̀ 5: SS2 ni kí o ti tú gbogbo ohun tó lè dì ní SS3

Orúkọ ni àkọ́kọ́. Orí NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ ọmọ. Oluwaseun lórí NIN, Seun ní WAEC, Samuel nínú sáfíkéètì ìbí: ẹni mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ó sì ń gba àkókò àti owó. Ẹ má dúró de SS3.

Ìkejì ni nọ́ńbà fóònù. Ọmọ máa fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kó lè gba profile code, nọ́ńbà tí yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Nọ́ńbà kan fún ọmọ kan ni. Bàbá tó fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ti ẹ̀gbọ́n kò lè fi í ṣe ti àbúrò. Kí ọmọ ní síìmù tirẹ̀, kó sì ní ímeèlì tí òun fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀.

Ní SS3, ilé-iṣẹ́ CBT tí JAMB fọwọ́ sí ni kí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe kafé ẹ̀gbẹ́ ilé. Kí ọmọ tó kúrò lórí ìjókòó, kó ka nǹkan mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà: ẹ̀kọ́ UTME, kọ́ọ̀sì, yunifásítì, àti ìlú tí yóò ti ṣe ìdánwò. Ìlú yìí ni wọ́n máa ń gbójú fò. Ọmọ tó ń gbé Lugbe lè bá ara rẹ̀ ní ìlú òkèèrè ní aago méje àárọ̀ nítorí pé ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà yan ohun tó wù ú.

Fún àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà, kọ school profile ilé-ìwé rẹ ní SS2: irú ilé-ìwé tó jẹ́, àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́, bí ẹ ṣe ń fún ọmọ ní máàkì. Ojú ewé kan sí méjì tó. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún kò mọ̀ bóyá B3 dára tàbí kò dára bí o kò bá sọ fún un. Nínú lẹ́tà rẹ, má kọ "ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kára, tó sì ní ìwà rere". Kọ ohun tó ṣe tí o fi ojú rẹ rí.

Àyẹ̀wò: kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde, orúkọ gbogbo ọmọ SS3 rẹ bá ara mu lórí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà wọn kò sì tíì ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 6: Pinnu owó tí o kò ní gbà

Iṣẹ́ ni kí wọ́n sanwó fún, kì í ṣe àdímíṣọ̀n. "Bó bá wọlé, ẹ san tó kù" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bí o ṣe lè sọ òótọ́ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ kò ní wọlé. Bí yunifásítì òkè òkun kan bá ń san kọmíṣọ̀n fún ọ lórí ọmọ tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn, orí ọmọ ni ò ń tà. IECA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dá ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kò fàyè gba kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ejẹ́ńtì, kó ṣe é lójú gbangba, kó sì sọ fún òbí.

Má tọ́jú ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ọmọ sínú fóònù rẹ, má fi NIN ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp. Òfin ààbò dátà wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó sì kan ìwọ náà. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo sọ lókè, èyí ni mo sọ ọ́ fún: inú rẹ̀ ni kí o ti fáìlì àwọn ọmọ mọ́.

Àyẹ̀wò: kọ iye owó rẹ àti ohun tí ó wà fún sórí ìwé kan tí o lè fún bàbá ọmọ, ọ̀gá ilé-ìwé àti pásítọ̀ rẹ láìpààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ 7: Wò ó bóyá iṣẹ́ náà ń tẹ́ ọ lọ́rùn

Ọmọ tó bá ní kò sí ìdí tí òun fi wà láàyè nítorí JAMB ti kọjá ohun tí ìwọ nìkan lè gbé. Má fi sílẹ̀ lóun nìkan, pe òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jọ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn tó ní dókítà ọpọlọ. Ìwọ náà, wá àgbà kánsẹ́lọ̀ kan nínú CASSON tí o lè máa sọ ohun tó wúwo fún.

Ní ìparí ọdún, pe àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá. Béèrè bóyá kọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn lọ́dọ̀ rẹ ni wọ́n ń kà, àti bóyá wọ́n á tún yàn án. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti yí padà, fáìlì SS1 rẹ ni kí o lọ tún wò. Bí ìdáhùn bá dára àmọ́ tí ilé-ìwé ṣì ń fi Civic dí ọ lọ́nà lẹ́yìn sáà méjì, kọ̀wé síbòmíràn kí ìsinmi Àjíǹde tó dé, torí pé àsìkò yẹn ni àwọn aládàáni ti ń wá ènìyàn fún oṣù kẹsàn-án. Kó school profile tí o kọ dání lọ síbẹ̀, pẹ̀lú fáìlì kan tí o ti pa orúkọ ọmọ inú rẹ̀ rẹ́.